Gálásì M51 yẹn, ṣé bó ṣe rí gan-an nìyẹn?

Ìbéèrè:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo rí fọ́tò gálásì kan (ìyẹn àìmọye ìràwọ̀ tó kóra jọ) tí wọ́n ń pè ní M51, ó ń pòyì bí ìgbà tí wọ́n bá ń ro ẹ̀kọ nínú ìkòkò, òmíràn kékeré tún lẹ̀ mọ́ ọn létí. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ti rin nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, látàná ni mo ti ń rò ó. Ṣé òótọ́ ni búlúù àti píńkì yẹn àbí kọ̀ǹpútà ló kùn ún? Ṣé a lè rí i ní Nàìjíríà?

Èsì 1:
Òótọ́ ni o, ojú wa ni ò lágbára tó. Tó o bá fojú ara ẹ wò ó nínú telescope (awò tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà), bí èéfín ló máa rí, àmọ́ kámẹ́rà lè lajú sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kó máa gba ìmọ́lẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀. Búlúù yẹn, àwọn ìràwọ̀ tuntun tó gbóná gan-an ni, wọn kì í pẹ́ láyé. Píńkì ni gáàsì hydrogen níbi tí wọ́n ti ń bí wọn. Àwọn àgbà ìràwọ̀ ló kún àárín tó rí bí epo yẹn, eruku ló sì dúdú láàárín àwọn apá ẹ̀.

Èsì 2:
Ẹ má gbàgbé ẹnì kejì ẹ̀ o, gálásì kékeré tó lẹ̀ mọ́ ọn yẹn, NGC 5195 ni wọ́n ń pè é. Agbára òòfà ẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí apá M51 yọ kedere báyẹn. 1773 ni Messier, ọkùnrin kan tó máa ń wo ojú ọ̀run, ti rí M51 ní Faransé, ó kàn rí i bíi kùrukùru ni, àfìgbà tó di 1845 tí Lord Rosse wò ó ní Ireland pẹ̀lú telescope tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó mítà 1.8, ló wá rí i pé ó rí bí ohun tó ń pòyì, ó sì yà á sórí bébà. Kò sẹ́ni tó tíì rí irú ẹ̀ rí.

Èsì 3:
Lọ́dún 2011 wọ́n rí ìràwọ̀ kan tó bú gbàù níbẹ̀, ti 1994 àti 2005 ti wà ṣáájú. Ká sòótọ́, kò tíì séèyàn láyé nígbà tí èyí tá a rí lọ́dún 2011 bú, ìròyìn ẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń mú mi lọ́kàn gan-an.

Oníbèéèrè:
Ha! Ẹ ṣé gan-an. Ibo ni kí n wò báyìí?

Èsì 1:
Kọjú sí àríwá lóṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, tó bá di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, wá ìràwọ̀ méje tó tò bí ìgbákọ, ẹ̀gbẹ́ ìparí ọwọ́ ìgbákọ náà ló wà. Jáde kúrò nílùú síbi tó ṣókùnkùn, kó o sì mú telescope dání, ojú lásán ò lè rí i.