Ṣé ìkookò ni ẹranko tó ń rìn yí ilé wa ká ní New Bussa?
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Oko wa kò jìnnà sí igbó ọba Kainji. Lóru àná, ajá wa tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ṣàdédé panu mọ́, ó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ojú fèrèsé, mo sì rí ẹranko kan: ara rẹ̀ rí tótòtó, ẹsẹ̀ iwájú ga ju tẹ̀yìn lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ wá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kò sá o! Iná ló ń wò.

Fúlàní adamàlúù kan ní kúrà (ìkookò lédè Haúsá) ni. Ìyàwó mi ní ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹranko (tirẹ̀ nìyẹn). Ṣé ìkookò máa ń dá rìn bẹ́ẹ̀? Ewúrẹ́ wa wà nínú ọgbà onígi lásán. Ṣé ká fi ẹ̀gún yí i ká ni, àbí ká máa dáná? Ẹ má dárúkọ májèlé, ọmọdé wà nílé.