"Agbémì" kọ́, "àgbémì" ni: lórí orúkọ eéwo inú ẹ̀dọ̀

Ẹ̀yin ará wa,

Mo ka ìwé tí ẹ̀gbọ́n wa tí ó ń gbé ní Kàbà kọ, pé kí a máa pe ọyún tí ó kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ nítorí eegun ẹja tàbí abẹ́rẹ́ tí ènìyàn gbé mì ní "eéwo ẹ̀dọ̀ agbémì". Mo fara mọ́ "eéwo", bí ẹnìkan láti Ìjùmú tilẹ̀ ń jà pé ara òde nìkan ni eéwo ń yọ sí. "Agbémì" ni n kò lè gbà. Bí "a" tí ó jẹ́ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn bá ti gba ohùn àárín, olùṣe ni ó ń tọ́ka sí, bí apẹja àti akọrin. A jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ni ó gbé nǹkan mì nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ wo ni ó ní ọ̀fun? Ohùn ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fún un, bí ó ti wà nínú àjẹkù àti àkọsílẹ̀, kí ó lè di ohun tí a gbé mì.

Ohun náà gan-an ni ọ̀daràn ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ohun tí a gbé mì ni ó ń bá ìgbẹ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá mú ṣóńṣó lè gún àpòlúkù tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun já, kí ó wọ ẹ̀dọ̀, ní apá òsì rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kí kòkòrò àrùn sì bá a wọlé. Láti 1898 ni dókítà kan tí ó ń jẹ́ Lambert ti kọ nípa irú rẹ̀. Ibà àti inú rírun ni aláìsàn ń gbé lọ bá dókítà, kì í sábà rántí pé òun gbé ohunkóhun mì, igi ìtayín kì í sì í hàn nínú X-ray. Bí wọ́n bá fa ọyún náà tí wọ́n fi àgbémì sílẹ̀, ọyún lè tún kó jọ.

Ẹlòmíràn ní "ẹ̀gún ẹja" ni ó tọ̀nà. Ìyá mi àgbà ní Ìsánlú, tí ó gbọ́ Yàgbà ju gbogbo wa lọ, "eegun" ni ó ń pè é. Bí eegun ẹja Odò Ọya bá há wa lọ́fun, òkèlè iyán ńlá ni yóò yí fún wa pé kí a gbé e mì láìjẹ, ìtọ́jú tí dókítà kankan kò ní fọwọ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sí abẹ́ "ọyún" tí ẹ kọ ní ìlà kẹta. "Oyún ẹ̀dọ̀" ni ó wà níbẹ̀, àwọn kan sì ti ń béèrè oṣù tí yóò bí.