Báwo ni a ṣe lè mú kí ará àdúgbò máa ṣe eré ìdárayá?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń dà wọ́n láàmú. Kí ni ẹgbẹ́ onílé lè ṣe kí wọ́n lè máa na ara láìná owó púpọ̀?

Ìdáhùn 1: Ẹ kú àníyàn ìlú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ara fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ẹni tí ó bá rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ 5 ti débẹ̀.

Ìdáhùn 2: Ní Kigali, olú ìlú Rwanda, láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń ti àwọn títì kan mọ́ ọkọ̀ ní àwọn òwúrọ̀ Sunday kan, tí tọmọdé tàgbà ń sáré, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ń yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lè ti géètì àdúgbò bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 2.

Ìdáhùn 3: Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bo gọ́tà ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ̀rù ń ba àwọn ìyá wa láti rìn níbi tí ọ̀kadà ti ń há wọn mọ́ etí kòtò.