Mítà 7 tí mo ṣahun rẹ̀

Ẹ ní kí àwa eléré ìje sọ ohun tó dá wa dúró láàárín eré, ẹ sì ti ń sọ ti iṣan tó fà yín àti ti èémí tó há yín lọ́fun. Tèmi rèé, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n tètè sọ ọ́.

800 mítà ni mò ń sá. Ìyípo méjì péré ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sá a rí mọ̀ pé kò síbi téèyàn ti lè fọwọ́ lẹ́rán nínú rẹ̀. Kálukú á wà nínú ilà tirẹ̀ títí a ó fi kọjá kọ́nà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni gbogbo wa á wá ya sínú. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo lẹ̀ mọ́ ilà kìíní, èyí tó wà nínú pátápátá, bí eégbọn mọ́ ara ajá. Mo ti ṣírò rẹ̀ pé ẹni tó bá sá odindi ìyípo kan ní ilà kejì á fi bí mítà 7 ṣòfò, torí ìta gùn ju inú lọ, mi ò sì ní mítà tí mo fẹ́ fi tọrẹ. Ẹ wo ahun! Nígbà tí agogo ìyípo ìkẹyìn dún, ẹnìkan wà níwájú mi, ẹnìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹnìkan ń mí sí mi lọ́rùn. Mo fẹ́ yọ, àyè ò sí. Ẹni iwájú dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, bàtà mi kan gìgísẹ̀ rẹ̀, mo bá balẹ̀ gbì.

Mi ò dìde. Eékún mi kàn bó díẹ̀ ni. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo ẹ̀yìn wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Kóòṣì wá bá mi.

"Ṣé ẹsẹ̀ ṣẹ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Kí lo wá ń ṣe nílẹ̀?"

Mi ò rí èsì fọ̀. (Nígbà tí mo wá kà á pé lẹ́yìn 800 mítà àwọn obìnrin ní Amsterdam lọ́dún 1928, tí àwọn kan dùbúlẹ̀ nígbà tí wọ́n sá a tán, wọ́n yọ eré náà kúrò nínú Òlíḿpíìkì títí di Rome, 1960, ojú tún tì mí sí i. Èmi ò tiẹ̀ sá a tán.)

Ó wá di ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ 2021, Òlíḿpíìkì Tokyo, ìpele àkọ́kọ́ 1500 mítà àwọn obìnrin. Ìyípo ìkẹyìn ń bẹ̀rẹ̀ ni Edinah Jebitok ọmọ Kẹ́ńyà ṣubú, Sifan Hassan tó ń sáré fún Nẹ́dálándì kọsẹ̀ lára rẹ̀, òun náà lulẹ̀. Kí n tó pariwo tán, ó ti dìde. Ó ń kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀gbẹ́ ìta, níbi tí èmi ò fẹ́ fẹsẹ̀ kàn. Ipò 6 àkọ́kọ́ ló ń kọjá tààrà, ó lè dẹ̀ ẹ́ ní ipò kẹrin. Ipò kìíní ló gbà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló gba góòlù 5000 mítà.

Gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ ọkàn akin. Mo gbà, ṣùgbọ́n ìta yẹn lójú mi ń wò. Ní àṣekágbá 1500 mítà lọ́jọ́ kẹfà oṣù náà, mo wá ń ṣọ́ Faith Kipyegon, ọmọ Kẹ́ńyà. Hassan wà níwájú, Kipyegon wà ní èjìká rẹ̀, kò sí lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Nígbà tó tó àkókò, kò tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. 3:53.11, góòlù, idẹ ni Hassan gbà.

Nígbà tí mo tún sáré, èjìká ẹnìkejì ni mo dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ipò karùn-ún ni mo ṣe.

Kóòṣì ní, "Ìta lo gbà lónìí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ti san mítà 7 yẹn."