Amọ̀ Òkelele ló là mí lójú sí ìsàlẹ̀ òkun

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti ka ìrírí àwọn tó ṣáájú nípa fífi amọ̀ dán bí ilẹ̀ ṣe ń sán wò, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Agbo ilé amọ̀kòkò ni wọ́n bí mi sí ní Òkelele, n'Ílọrin. Nígbà tí mo ń kọ́ nípa ilẹ̀, wọ́n fi àwòrán ìsàlẹ̀ Òkun Atlántíkì hàn wá, níbi òkè gbọọrọ abẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní Reykjanes Ridge, gúúsù Íslándì. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń ya kúrò lára ara rẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ́dún. Èékánná wa ń yára hù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí ìyapa bá ti falẹ̀ báyìí, àpáta yíyọ́ tó ń tìsàlẹ̀ bọ̀ kì í sábà tó dí àlàfo náà tán. Ilẹ̀ á sán, apá kan á rì, èkejì á dúró lókè. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní fault. Èyí yé mi. Èyí tí kò yé mi ni ìdí tí àwọn fault tó wà láàárín òkè náà fi fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọn ò tẹ̀lé ọ̀nà tí òkè abẹ́ òkun náà gbà lọ.

Mo délé, mo sọ fún Ìyá Àgbà. Wọ́n bu amọ̀ tí wọ́n ti gún kúnná fún mi. Mo kan rọ́bà táyà ọ̀kadà mọ́ pákó méjì, mo tẹ́ amọ̀ lé e, ó nípọn tó ìka méjì. Mo kọ́kọ́ fà á gbọọrọ: ó sán tẹ̀lé pákó. Mo tún un pò, mo wá fà á ní ìfàkúfà, bí ẹni fi igun kan wọ́ ẹní. Létí pákó, ó ṣì tẹ̀lé pákó. Àmọ́ láàárín, ojú sísán tín-ín-rín bíi fọ́nrán irun ń yọ, gbogbo wọn fì. Wọn ò tò tẹ̀lé ara wọn. Ibi tí ọ̀kan bá ti ń parí lọ, òmíràn á ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Kò tẹ̀lé pákó, kò sì dábùú ọ̀nà tó o fà á sí tán. Àárín méjèèjì ló mú. Tí ọrùn ìkòkò bá sán, mo máa ń wo ibi tó kọjú sí, kí n fi mọ ọwọ́ tó fà á."

Ara mi bù máṣọ. Ọ̀rọ̀ Reykjanes gan-an nìyẹn: ìyapa ibẹ̀ kò dábùú òkè náà tán, ó fi nǹkan bíi dígírì 30 fì kúrò ní ìdábùú.

Nígbà tí mo lo amọ̀ tó ti ń gbẹ, ńṣe ló já sí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dán irú rẹ̀ wò, báwo lẹ ṣe ń po amọ̀ tiyín?