Signal generator tòkunbọ̀ mi ń jó fíúsì, bọ́tìnì rẹ̀ ń yí lásán, ẹ gbà mí o

Ọmọ Aṣerò: Ẹ kú ilé o. Abẹ́òkúta ni mo wà, wọkitọ́kì àwọn sẹkúríìtì àti rédíò àtijọ́ ni mo ń tún ṣe nílé. Mo ra signal generator HP 8640B kan, ẹ̀rọ tó ń gbé àmì rédíò jáde tí a fi ń yẹ rédíò wò, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta tòkunbọ̀, inú kọ̀nténà láti Amẹ́ríkà ló ti jáde, ó pẹ́ tí mo ti ń wá a torí àti 500 kHz dé 512 MHz ló ń gbé jáde, AM ni o FM ni o wọkitọ́kì ni o, òun nìkan tó mi. Ó fẹ́ẹ̀ wúwo tó ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì, èmi àti àbúrò mi la jọ gbé e gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí mo ṣe ní kí n tan án báyìí, páù, fíúsì lọ. Mo fi òmíràn sí i, òun náà lọ, ó wá ń rùn bíi ìgbà tí ike bá ń jó. Aládùúgbò mi tó ń ṣe wáyà ilé ní kí n kàn fi wáyà dí ojú fíúsì yẹn ká lè rí ibi tí èéfín á ti jáde. Bọ́tìnì range, èyí tí a fi ń yan ìpele MHz, náà tún ń yí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹ̀rọ ata tí bẹ́líìtì rẹ̀ já. Ìyàwó mi ti ní kì í ṣe orí tábìlì oúnjẹ òun ló máa kú sí. Ṣé kí n tà á fáwọn oníkóńdẹ̀mù ni?

Bàbá Ìbarà: Má fi wáyà kankan síbẹ̀ o! Bá mi kí aládùúgbò ẹ. Fíúsì yẹn ló gbà ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Yọ ọ́ lára iná, lọ sẹ́yìn ibi tí wáyà iná ń wọlé, yọ fíúsì, wàá rí káàdì pẹlẹbẹ kékeré kan níbẹ̀ tí wọ́n kọ 100, 120, 220 àti 240 sí. Èyí tó bá hàn sí ẹ lójú ni wọ́n sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sí, mo fi fìlà mi lélẹ̀ pé 120 ni, iná Amẹ́ríkà nìyẹn. Tó bá wà ní 120 tí o da iná tiwa lé e, irin inú tiransifọ́mà á yó ju bó ṣe yẹ lọ, á wá máa fa iná bí ọ̀mùtí, fíúsì ò sì ní gbà fún un. Yí káàdì yẹn sí 240, torí lóru tí iná bá dé tagbáratagbára 220 á kéré. Fíúsì náà á yàtọ̀, amp rẹ̀ á tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Síbẹ̀ má tíì tan án bẹ́ẹ̀. Wá gílóòbù 100 watt olówùú, má lo LED, kó wà ní series láàárín iná àti ẹ̀rọ, kí iná gba inú ẹ̀ kọjá kó tó wọ ẹ̀rọ. Tó bá tàn yòò tó wá wálẹ̀, a dúpẹ́. Tó bá dúró yòò, nǹkan ti ṣọ́ọ̀tì nínú nìyẹn.

Ọmọ Aṣerò: Bàbá, fìlà yín ṣì wà lórí yín o, 120 ni!!! Gílóòbù yẹn, mo wá gbogbo Kútọ̀ tán, LED ni gbogbo wọn ń tà, àfi lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò adìyẹ, àṣé wọ́n ṣì ń fi í mú ara ọmọ adìyẹ gbóná. Mo so ó, ó tàn yòò, kò wálẹ̀. Mo bá ń pa iná mo ń fa bọ́ọ̀dù yọ mo tún ń tan án, ìgbà tí mo fa ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni gílóòbù wálẹ̀. Kapásítọ̀ tantalum kan ló wà lórí ẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ti dúdú, mítà ka 2 ohm. Mo fi èyí tí microfarad wọn dọ́gba tí volt rẹ̀ ga jù ú lọ rọ́pò, mo sì yẹ ojú plus wò lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jó o mọ́ ọn. Nọ́ńbà pupa tàn! Ìyàwó mi pàápàá wá wò ó. Àmọ́ range ò gbọ́ o.

Àǹtí Ọbáńtokò: Àìsàn ìdílé wọn nìyẹn, gear oníke ni, ọrùn ẹ̀ tó di irin mú máa ń là tó bá ti dàgbà. Mo ti tọ́jú ọ̀kan rí. Má fi gúlùù nìkan ṣe é, irú ike yẹn ń yọ̀, kò ní mú. Wáyà kọ́pà tín-ín-rín inú fáànù tó ti jóná ni mo yọ, mo wé e mọ́ ọrùn gear yẹn bí ẹní ń di irun, mo fún un gírígírí, mo wá fi léèdì jó ìdí wáyà yẹn pọ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó tú skúrù kan, ya fọ́tò, sì fi máákà fa ìlà kan gba eyín gear méjèèjì kọjá, torí tó bá fi eyín kan yẹ̀, iwájú á máa kọ 64 sí 128 MHz nígbà tí inú ń ṣe tiẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ L oní-ínṣì ni o, ti mílímítà á jẹ ojú skúrù ẹ. Tí eyín bá ti já, àwọn tó ń fi léètì gé irin ní Lafẹ́ńwá lè gé onídẹ fún ẹ.

Ẹ̀gbọ́n Sápọ́n: Kẹ́ ẹ tó máa yọ̀: ẹnikẹ́ni tó bá so wọkitọ́kì mọ́ ojú output yẹn kò gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì ọ̀rọ̀ o. Watt 5 péré á sun attenuator inú ẹ̀, ìyẹn ibi tó ń dín agbára àmì kù. Àwọn kan ní ààbò, ọ̀pọ̀ ò ní.

Ọmọ Aṣerò: Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin. Àǹtí, wáyà fáànù yẹn ṣiṣẹ́, gbogbo range ló ń dún kẹ́, kẹ́ báyìí. Ẹ̀gbọ́n... mo ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó rí ọ̀rọ̀ yín. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni o. Mo wá fi rédíò gbọ́ ọ, mo ń sọ̀ agbára àmì rẹ̀ kalẹ̀ ní 10 dB, 10 dB, gbogbo ẹ̀ ń wálẹ̀ dáadáa, àfi láti -20 sí -30, ohùn kan náà ni.

Ẹ̀gbọ́n Sápọ́n: Há.

Bàbá Ìbarà: Má tú attenuator yẹn, ọwọ́ ẹ ò tíì tó o. Wá pad 10 dB, ìyẹn attenuator kékeré kan, sí ìta fún ibi tó ti bàjẹ́ yẹn, kí o sì kọ ọ́ síbì kan kó má tàn ẹ́ jẹ.

Ọmọ Aṣerò: Mo ti lẹ téèpù mọ́ iwájú ẹ̀, mo kọ ọ́ gàdàgbà: MÁ GBA -30 GBỌ́. Mo sì ti gbé tábìlì ìyàwó mi padà fún un.