Ológbò aládùúgbò wa ti sọ ilé wa di ilé rẹ̀: báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní di ìjà?

Ará Lugbe:
Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní ilé tiwa ó ti kọjá ẹ̀rín. Fúláàtì mẹ́rin ni ó wà nínú ọgbà tí a ń gbé ní Lugbe, ní Abuja níbí, Hájíyà kan tí ó wá láti Kano ni ó sì ń gbé èyí tí ó fara kan tiwa. Ènìyàn dáadáa ni. Lọ́jọ́ tí a kó dé, òun ni ó fún wa ní omi nígbà tí ẹ̀rọ omi tiwa kò ṣiṣẹ́, kò sì sí ọdún Iléyá kan tí abọ́ ẹran kì í ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Ológbò rẹ̀ ni wàhálà wa.

Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ológbò yìí, funfun tí etí rẹ̀ kan dúdú, kò gbé ilé olówó rẹ̀ mọ́. Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn ní ìdájí, orí ẹní ìnusẹ̀ ni mo ti ń bá a; bí mo bá lé e, yóò gba fèrèsé ilé ìdáná wọlé, nítorí pé ooru ìlú yìí kò jẹ́ kí ènìyàn ti fèrèsé pa, pàápàá bí iná bá lọ. Ìyàwó mi lóyún oṣù mẹ́fà. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, ó lọ wo apẹ̀rẹ̀ tí a kó aṣọ ọmọ sí, ológbò ni ó bá níbẹ̀, tí ó ká jọ sórí aṣọ tí a ti fọ̀ tí a sì ti lọ̀, tí ó fi ìrù bo imú. Kò tilẹ̀ sá. Ó yán, ó sì tún padà sùn.

Ìyá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa láti Ọ̀yọ́. Màmá ní ológbò kì í ṣàdédé wọ ilé aboyún lóru, pé kí n tètè wá nǹkan ṣe sí i. Èmi kò gba ti àjẹ́, ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe fẹ́ bá ìyá ìyàwó mi jiyàn. Ṣé ewu kankan wà fún aboyún lóòótọ́? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí ka iwájú Hájíyà?

Ìyá Àwọn Ọmọ, Kubwa:
Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ Hájíyà, ẹ kọ́kọ́ wádìí nínú ilé yín ná, nítorí pé ológbò kì í pààrà ibi tí kò ti rí nǹkan jẹ. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń bínú sí aládùúgbò mi kan, láìmọ̀ pé ọmọ mi ọkùnrin ni ó ń fi ìdajì sadíìnì tí a bá fi sí búrẹ́dì rẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn garawa omi fún ológbò wọn. Nígbà tí ó sú mi, mo kọ ìwé pélébé kan pé, “Ọ̀dọ̀ wa ni ológbò yìí ń sùn, ṣé ẹ mọ̀?” mo sì fi fọ́nrán òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó mọ́ ọrùn rẹ̀, irú èyí tí yóò já fúnra rẹ̀ bí ó bá kọ́ igi. Èsì dé lọ́jọ́ kejì: wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ni ó ti ń jẹun àárọ̀, pé ọ̀dọ̀ màígáàdì ni ó ti ń jẹ ti ọ̀sán. Ilé mẹ́ta ni ó ń bọ́ ọ, kò sì sí èyí tí ó mọ̀ nípa èkejì.

Aláìlójúàánú, Nyanya:
Ẹ fi sínú àpò, kí ẹ gbé e lọ sí ọjà Mararaba. Ọ̀rọ̀ parí.

Dókítà Ẹran, Gwagwalada:
Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ológbò sínú àpò. Ohun ìní ẹlòmíràn ni, ológbò mìíràn a sì máa rin ọ̀nà jíjìn padà sí ibi tí ara rẹ̀ ti mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ọ̀tápìápíà tàbí oògùn eku lé e, nítorí pé ọmọ kékeré lè fọwọ́ kan ohun tí ẹ tọ́jú de ológbò.

Ní ti oyún, ewu wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí Màmá ń wò ni ó wà. Kòkòrò kan wà tí ojú kò lè rí, tí ó ń jẹ́ Toxoplasma, inú ìgbẹ́ ológbò ni ó sì ń bá jáde. Ó máa ń gba ọjọ́ 1 sí 5 kí ìgbẹ́ náà tó lè kó o ran ènìyàn, ìdí nìyí tí a fi ń ní kí a máa kó o dànù lójoojúmọ́, kí ó má sì jẹ́ aboyún ni yóò kó o. Kí ìyàwó yín wọ ìbọ̀wọ́ bí ó bá fẹ́ ro ìdí ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé. Ẹ tún aṣọ ọmọ yẹn fọ̀, ẹ lọ̀ ọ́, ó tán. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni pé ẹran tí kò jinná dénú àti ẹ̀fọ́ tí a kò fọ̀ dáadáa lè kó kòkòrò kan náà ranni. Aboyún tí ń lé ológbò, tí ó sì ń jẹ sùyà tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n, iwájú ilé ni ó tì, ó ṣí ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ gbayawu.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi Hájíyà gan-an ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, nítorí pé kì í ṣe ajá nìkan ni àìsàn náà ń mú. Láti ọ̀sẹ̀ 12 ni a ti ń gún ọmọ ológbò. Bí ó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, tàbí tí ó ha á títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀ yẹn ló tún mú mi ronú. Ológbò tí ń wá ibi tí ó rọ̀, tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, tí ariwo kò sì sí, ó lè jẹ́ pé òun náà lóyún. Ẹ wo àyà rẹ̀: bí orí ọmú bá ti yọ síta tí ó sì pọ́n, bóyá oyún ni. Nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65 ni ó fi ń ru ú. Bí ó bá lọ bí sínú apẹ̀rẹ̀ yín, ẹ̀yin ni ẹ ó máa gbàlejò fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹ tètè sọ fún olówó rẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin, Kaduna:
Àbúrò, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá àwọn Hausa gbé ọgbà kan náà. Má ṣe lọ ní àkókò oúnjẹ, lọ lẹ́yìn ìrun àsárì. Kí i dáadáa, béèrè ara àwọn ará ilé rẹ̀, má tètè dé ibi ọ̀rọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ọ̀rọ̀ àjẹ́ má ṣe ti ẹnu yín jáde. Lójú Mùsùlùmí, ẹran mímọ́ ni ológbò. Omi tí ó bá mu kù, a lè fi ṣe àlùwàlá. Ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì tilẹ̀ wà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Abu Hurayra, bàbá ọmọ ológbò ni ìnagijẹ náà túmọ̀ sí. Sọ fún un pé mage rẹ̀, bí àwọn ṣe ń pè é, ti di àlejò yín, pé ara ìyàwó rẹ kò dá ṣáṣá, pé dókítà ní kí ẹ ṣọ́ra. Oyún ni kí ó jẹ́ ìdí ọ̀rọ̀ rẹ. Kò sí ìyá tí yóò gbọ́ ìyẹn tí yóò bínú.

Ará Lugbe:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Oyún ni lóòótọ́, orí ọmú rẹ̀ pọ́n bí ojú àbàmọ̀dà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná. Mo lọ lẹ́yìn àsárì. Hájíyà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu omijé. Ó ní àwọn ọmọ-ọmọ òun mẹ́ta dé láti Kano fún ìsinmi, wọn kò sì yéé fa ìrù ẹran náà, òun sì rò pé ó ti sọnù. Ó ti wá páálí tẹlifíṣọ̀n kan, ó tẹ́ wíráfà àtijọ́ sí i, ó gbé e sí yàrá tí àwọn ọmọ kì í dé. Ó ní òun kò gún un ní abẹ́rẹ́ rí, pé lẹ́yìn ìbímọ òun yóò gbé e wá sí Gwagwalada. Èmi náà ti pe káfíńtà láti kan nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé ilé ìdáná.

Ìyá Àwọn Ọmọ, ẹ tọ̀nà nípa ìwádìí inú ilé. Màmá ni. Màmá tí ń pè é ní àjẹ́ lójú wa ni ó ń ju orí ẹja gba ojú fèrèsé sí i lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ó ní òun kò lè da orí ẹja nù kí ẹ̀dá tí ó lóyún máa wo òun lójú. Ó ti wá bẹ Hájíyà báyìí pé kí ó fún òun ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà mú lọ sí Ọ̀yọ́, nítorí eku tí ń jẹ èlùbọ́ rẹ̀. Dókítà, ọ̀sẹ̀ mélòó ni kí ọmọ ológbò pé kí ó tó lè wọ mọ́tò?

Dókítà Ẹran, Gwagwalada:
Mẹ́jọ, ó kéré tán. Kí apẹ̀rẹ̀ náà ní ìdérí, kí ó sì má jẹ́ ti aṣọ ọmọ yín.